Òfin Ìbọn Kì í Ṣe ti Ọ̀daràn Nìkan

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń gbọ́ àríyànjiyàn yín lórí ọ̀rọ̀ ìbọn. Láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí àwọn apànìyàn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n pa bí 40 olùjọsìn, làwọn kan nínú yín ti ń sọ pé kí ìjọba jẹ́ kí oníkálukú ra ìbọn tirẹ̀. Wọ́n ní ìbọn kì í dá pànìyàn, ọwọ́ tó mú un ló ń pànìyàn. Ẹni tó bá ti níwà, kó ní ìbọn. Àwọn yòókù ní rárá, kí òfin gba gbogbo ìbọn nílẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹni rere wà lọ́tọ̀, ẹni burúkú wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ láyé mọ̀ pé ẹni rere náà ní wákàtí burúkú tirẹ̀. Wákàtí yẹn gan-an ni òfin ìbọn wà fún.

Ẹ wo Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ilẹ̀ wọn ti fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ ìbọn láti ọdún 1791. Lọ́dún 2021, ìbọn pa èèyàn 48,830 níbẹ̀. Ẹ lè rò pé adigunjalè àti jàǹdùkú ló pa wọ́n tán. Ó tì o. Èyí tó ju ìdajì lọ, èèyàn 26,328, ló fi ìbọn gbẹ̀mí ara wọn. Ìbànújẹ́ ká wọn mọ́, ìbọn sì wà nítòsí. Ẹni tí irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé bá tí kò rí ìbọn, ilẹ̀ lè mọ́ bá a, kí aládùúgbò sì kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ní ìlú Oxford, ní ìpínlẹ̀ Michigan, bàbá kan ra ìbọn ìléwọ́ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 15. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ọmọ náà gbé e lọ sílé ìwé, ó pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an nilé ìwé pe àwọn òbí rẹ̀ nítorí ohun tó yà sínú ìwé rẹ̀. Wọn ò mú un relé, wọn ò sì sọ pé ìbọn wà. Lọ́dún 2024, ilé ẹjọ́ sọ bàbá àti ìyá sẹ́wọ̀n, ọdún 10 sí 15 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní ojúṣe oníkálukú ló tó, ṣé ẹ rí i báyìí? Ojúṣe tí kò sẹ́ni tó lè bini léèrè rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Àmọ́ ẹjọ́ yẹn ò jí ọmọ mẹ́rin dìde. Òfin tó ṣáájú ikú sàn ju èyí tó ń tẹ̀lé òkú.

Ẹ má sì pè é ní ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun. Láti ọdún 1959 la ti ní òfin ìbọn tiwa. Ìbọn ogun àti ìbọn ìléwọ́, àfi ẹni tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí fún. Ìbọn ọdẹ ìgbàlódé ń gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ṣakabùlà tí à ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Kí ìwé tó dé rárá, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọdẹ a máa tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ wọ igbó, a máa ru ẹran, kí wọ́n tó fi ìbọn lé e lọ́wọ́. Àwọn baba wa ní ìbọn ní apatí, kò ní apatí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Síbẹ̀, ọdẹ tó mọṣẹ́ ṣì ń yìnbọn fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lóru, tó rò pé ẹranko ni. Ta nínú yín ni kò sì tíì gbọ́ ìròyìn ọ̀dọ́ tó kú níbi tí wọ́n ti ń dán àyẹta wò?

Mo mọ èsì yín: àwọn tó wọ Ọ̀wọ̀ kò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Òfin tó ń yẹ ọdẹ abúlé wò, tí ẹni tó ń kó AK-47 kiri ń kọjá lára rẹ̀, òfin aláàbọ̀ ni. Ẹ bi ìjọba léèrè, ẹ má dákẹ́. Irú àìfọkànbalẹ̀ yìí ló bí ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn lọ́dún 2020. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbébọn níbẹ̀ ní ẹni tó gbà á síṣẹ́, ó sì ní ẹni tó lè gba ìbọn náà padà. Ta ni yóò gba tìrẹ lọ́wọ́ rẹ ní ọjọ́ tí inú bá bí ọ?

Nítorí náà, ẹni tó bá máa ní ìbọn nínú yín, kó gba ìwé àṣẹ. Kó tọ́jú ìbọn sábẹ́ kọ́kọ́rọ́, kí ọta wà níbòmíràn. Kó má gbé e lọ síbi ọtí, síbi ìnáwó, tàbí síbi ìjà ààlà ilẹ̀. Bí inú bá ń bí i, tàbí tí ayé sú u, kó kó kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tó fọkàn tán. Ẹni tó bá ní òun ò nílò gbogbo ìyẹn, pé ìwà òun ti tó, òun gan-an ni mi ò ní fún níbọn.