Láti Inú Ìwé Word dé Ojú Ọfà Máòsì

Bí a bá ka 96 píksẹ́lì sí íǹṣì kan, ojú ìwé A4 fẹ̀ tó 794 píksẹ́lì, ó sì ga tó 1,123. Ọfà tí máòsì ń darí lójú kọ̀ǹpútà kì í sábà ju 32 ní ìbú àti 32 ní òró lọ. Bí wọ́n bá rọ odidi ojú ìwé sínú ìwọ̀n yẹn, ìlà ọ̀rọ̀ kan kò ní ga tó píksẹ́lì kan mọ́; eérú lásán ni ojú yóò rí. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ oníṣẹ́ tí ó fẹ́ sọ ohun inú ìwé Word di ọfà máòsì tó wá sọ́fítíwíà kankan, kí ó kọ́kọ́ yan ohun kan ṣoṣo nínú ìwé náà: lẹ́tà kan, òǹtẹ̀ kan, tàbí àmì iléeṣẹ́.

Bí ohun tí ó yàn bá jẹ́ àwòrán, kí ó má ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà. Fáìlì .docx, tí Word ti ń lò láti 2007, jẹ́ àpò zip. Kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ó fi .zip rọ́pò .docx ní ìparí orúkọ ẹ̀dà náà, kí ó sì ṣí i: inú fódà “word”, lábẹ́ “media”, ni àwòrán wà. Fáìlì .doc àtijọ́ kò ṣí báyìí. Àfi kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ bíi .docx. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà ni, kí wọ́n sọ ojú ìwé náà di PDF, kí wọ́n sọ PDF di PNG ní 300 píksẹ́lì fún íǹṣì kan, kí wọ́n sì gé ibi tí wọ́n ń fẹ́.

Lẹ́tà Yorùbá ń béèrè sùúrù. Àmì abẹ́ Ọ tàbí Ṣ lè dà pọ̀ mọ́ ara lẹ́tà nígbà tí àwòrán bá kéré, Ọ á sì di O, tí í ṣe lẹ́tà mìíràn. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi tún àmì náà yà, kí ó nípọn, kí àlàfo sì wà láàárín òun àti lẹ́tà.

Funfun bébà máa ń tẹ̀ lé àwòrán. Bí wọn kò bá yọ ọ́ kúrò, ọfà yóò máa gbé àpótí funfun kiri. Kí wọ́n lo PNG, torí JPEG kò lè tọ́jú ibi tí kò ní àwọ̀. Kí ohun dúdú ní etí funfun tínínrín, kí ó lè hàn níbi tó ṣókùnkùn.

Ojú ìtẹ̀, ìyẹn píksẹ́lì kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà kà sí ibi tí wọ́n tẹ̀, ni ó mú kí .cur, irú fáìlì tí Windows ń lò fún ọfà máòsì, yàtọ̀ sí àwòrán lásán. Fáìlì .cur jọ .ico, tí í ṣe fáìlì àmì kékeré (icon), gan-an, ṣùgbọ́n nọ́ńbà irú fáìlì jẹ́ 1 nínú .ico, ó sì jẹ́ 2 nínú .cur. Ibi tí .ico ń kọ iye ìpele àwọ̀ (color planes) àti iye bíìtì fún píksẹ́lì kan sí ni .cur ń kọ ojú ìtẹ̀ sí. Láti igun òkè apá òsì ni wọ́n ti ń kà á, láti 0. Ti ọfà sábà máa ń wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Ti àmì àgbélébùú wà láàárín, bíi 16, 16. Sọ́fítíwíà tí kò béèrè ojú ìtẹ̀ kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, nítorí ẹni tó bá lo irú ọfà bẹ́ẹ̀ yóò máa tẹ ibi tí kò fẹ́. GIMP 3.0, sọ́fítíwíà àwòrán kan, ń béèrè rẹ̀. Pípa orúkọ .png dà sí .cur kò sì yí ohunkóhun padà nínú fáìlì.

Fáìlì kan lè gba ìwọ̀n púpọ̀: 32, 48, 64. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní ojú ìtẹ̀ tirẹ̀. 16 nínú 32 á di 32 nínú 64.

Lórí Windows, Control Panel ni wọ́n ti ń dán ọfà náà wò, lábẹ́ Mouse, ní Pointers. Kí wọ́n fi í tẹ bọ́tìnì tó kéré jù, lórí ojú funfun àti lórí dúdú. Fún ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, Chrome àti Firefox kì í gba ọfà tó bá ju 128 píksẹ́lì ní ìbú tàbí òró lọ, nítorí náà kí wọ́n kọ “auto” tẹ̀ lé orúkọ fáìlì nínú CSS, kí ọfà àtilẹ̀wá lè rọ́pò rẹ̀.