Aago Mélòó Ni Ká Kúrò Nílé?

Ìbéèrè: Ìyá mi ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti Ìkẹjà, bàálù yóò gbéra ní aago mọ́kànlá alẹ́. Ṣé a lè kúrò ní Ìbarà ní aago mẹ́fà?
Ọmọ Ẹ̀gbá

Ìdáhùn: Rárá o. Aago mẹ́jọ ló yẹ kí màmá ti wà lórí ìlà, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Sángò Ọ̀tà kò sì mọ arúgbó. Ẹ tètè gbéra lọ́sàn-án. Ẹ bi iléeṣẹ́ bàálù léèrè ilé èrò tí wọ́n ń lò ní pápákọ̀ òfurufú: ọdún 1979 ni wọ́n ṣí ti àkọ́kọ́, 2022 ni tuntun. Ní ti oúnjẹ tí màmá bá fẹ́ gbé lọ, láfún kò burú, ẹ wé e dáadáa. Epo pupa tó ju mílílítà 100 lọ kò gbọdọ̀ wọ báàgì ọwọ́. Ẹran gbígbẹ ńkọ́? Ẹ jẹ ẹ́ nílé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á wọlé.