Nígbà Tí Ìkíni Bá Di Ẹ̀gún

BÍBÉLÌ KÍKÀ: 2 Samuẹli 6:16-23
ẸSẸ ÀKỌ́SÓRÍ: Òwe 26:18-19 (Ṣí i, kí o kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì kí o tó tẹ̀síwájú)

Ọmọ gbé abọ́ ọbẹ̀, abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọbẹ̀ dà sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "O káre! O kú iṣẹ́ o! Ọmọ dáadáa." Kò sí èébú kankan nínú gbogbo ohun tí ó sọ. Bí a bá kọ ọ́ sínú ìwé, ìyìn ni ẹni tí ó bá kà á yóò pè é. Ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ̀ pé wọn kò yin òun. Ohùn ni ó gbọ́, ojú ni ó kà. Olùfẹ́, irú ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹnu ń yìn tí ọkàn sì ń gàn, ni a fẹ́ yẹ̀ wò ní òwúrọ̀ yìí.

Ọ̀pọ̀ èdè ni ó ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti gbà á láyè kò dọ́gba. Láàárín àwa Yorùbá, láti òkè ni ó máa ń bọ̀ sí ìsàlẹ̀. Àgbà lè sọ ọ́ sí ọmọdé, ìyálé sí ìyàwó, ọ̀gá sí ọmọ iṣẹ́. Jẹ́ kí ọmọdé dán an wò sí àgbà! Ì báà kúnlẹ̀, ì báà sọ "ẹ" tí ó yẹ kí ó sọ, wọn yóò ní ó rí àgbà fín.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ a máa fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣeré láàárín ara wọn, òṣìṣẹ́ pàápàá lè sọ ọ́ sí ọ̀gá, kí ọ̀gá sì rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù wọn tí o ní kí wọ́n fún ọ ní búrẹ́dì láìfi "jọ̀wọ́" sí i, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọn yóò kà ọ́ sí. Ìwọ kò sì mọ̀ pé o ṣẹ̀. Nínú èdè tiwa, bí o bá ti ní "Ẹ fún mi ní búrẹ́dì," ọ̀wọ̀ ti wà nínú "ẹ" yẹn. Nígbà tí o bá yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, "ẹ" já bọ́ sọ́nà, àṣẹ nìkan ni ó kù.

Arábìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, ó rí iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ ojú irin pẹ́, òun náà sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó mà dára o, tí o rí àyè wá bá wa lónìí." Arábìnrin wa tẹ̀ba, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà." Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Alẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀ tó yé e, ó sì sunkún títí. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ó bá ọ̀gá yìí kan náà níbi tí ó ti ń nu ilẹ̀. Ó ṣe bí ọmọ tí a kọ́, ó kí i: "Well done, ma." Ẹ kú iṣẹ́ ni ó ní lọ́kàn. Ojú ọ̀gá yí padà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó rò pé ọmọbìnrin yìí ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ọ̀kan gbọ́ ẹ̀gàn, ó pè é ní inú rere. Èkejì gbọ́ inú rere, ó pè é ní ẹ̀gàn. Mélòó nínú ìjà tí o ti bá ènìyàn jà ni ó rí báyìí?

Nísinsin yìí, wá bá mi ká lọ sí ilé Dáfídì, níbi tí kò ti sí àṣìgbọ́ kankan. Dáfídì ti gbé àpótí Olúwa wọ ìlú, ó ti fún àwọn ènìyàn ní oúnjẹ, ó wá ń bọ̀ nílé láti súre fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni Míkálì ti pàdé rẹ̀. Bí o bá ka ẹsẹ ogún, wàá rí i pé ohun tó jọ ìyìn ni ó fi bẹ̀rẹ̀: ó ń sọ bí ọba ti ṣe lógo tó lónìí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gún yọ.

N kò ní yára dá obìnrin yìí lẹ́bi bí a ti máa ń ṣe. Ojú fèrèsé ni ó ti sọ Dáfídì kalẹ̀ nígbà kan tí baba rẹ̀ fẹ́ pa á (1 Samuẹli 19:12). Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fi í fún ọkọ mìíràn, wọ́n sì tún gbà á padà, tí ọkùnrin náà ń sunkún tẹ̀ lé e lọ́nà (2 Samuẹli 3:15-16). Ojú fèrèsé náà ni ó tún wà lọ́jọ́ yìí, tí ó ń wo ọkọ rẹ̀ tí ó ń jó. Ẹ̀dùn ọkàn ọdún púpọ̀ wà nísàlẹ̀ ẹ̀gàn yẹn. Ṣùgbọ́n kò sọ ẹ̀dùn náà jáde, ẹ̀gàn ni ó sọ. Dáfídì náà kò sì bèèrè. Ó fi òkò ọ̀rọ̀ lé e padà, ó mẹ́nu kan baba rẹ̀ tí Ọlọ́run kọ̀. Ìre tí ó gbé bọ̀ nílé ńkọ́? A kò gbọ́ pé ó sú u. Ẹsẹ tí ó kẹ́yìn sọ pé Míkálì kò bímọ títí ó fi kú.

Ẹnì kan yóò ní, "Èlíjà ńkọ́? Ṣebí òun náà fi àwọn wòlíì Báálì ṣe ẹlẹ́yà lórí òkè Kámẹ́lì?" Lóòótọ́ ni (1 Àwọn Ọba 18:27). Irinwó wòlíì àti àádọ́ta ni, ó ní bóyá ọlọ́run wọn sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yíjú sí àwọn ènìyàn tí òrìṣà ti tàn jẹ, ó ní kí wọ́n súnmọ́ òun, ó sì tún pẹpẹ tó wó ṣe. Ará, aya rẹ kì í ṣe Báálì. Ọmọ tó da ọbẹ̀ nù kì í ṣe wòlíì Báálì.

Ọjọ́ kan sì wà tí wọ́n dé Olúwa wa ní adé ẹ̀gún, tí wọ́n fi ọ̀pá sí i lọ́wọ́, tí àwọn ọmọ ogun kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, tí wọ́n kí i bí ọba (Mátíù 27:29). Ìkúnlẹ̀ pé, ìkíni pé. Ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kò sì dá a padà.

IṢẸ́ ṢÍṢE: Ta ni o sọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí láàárín ọ̀sẹ̀ yìí? Lọ bá a kí ilẹ̀ tó ṣú. Sọ ohun tó dùn ọ́ gan-an fún un, ní ọ̀rọ̀ tààrà.

ÀDÚRÀ: Baba, gbogbo ibi tí mo ti fi ìkíni gún ẹlòmíràn lọ́kàn, dárí jì mí. Ìre tí ẹ̀gàn dá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé mi, jẹ́ kí ó wọlé lónìí, ní orúkọ Jésù. Àmín.