Ìtàn Àròsọ Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Lórí Òkìkí Ayélujára àti Ìdọdẹni

Ìtumọ̀
1. Ìtàn àròsọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ìtàn tó dá lé ìwà ọ̀daràn àti ìwádìí rẹ̀.
2. Ìfọkànsókè ni ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé fi ń fa àṣírí gùn, tí ọkàn òǹkàwé kò fi ní balẹ̀.
3. Òkìkí ayélujára ni dídi gbajúmọ̀ nípasẹ̀ ohun tí a ń gbé sórí Facebook, Instagram tàbí TikTok.
4. Ìdọdẹni ni ṣíṣọ́ ènìyàn lemọ́lemọ́ láìfẹ́ rẹ̀, títí ẹ̀rù yóò fi bà á.

Ìpìlẹ̀ nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá
1. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971). Lápàdé ni olú ẹ̀dá ìtàn nínú méjèèjì.
2. Akin Olúṣínà ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú ìwé Kọ́lá Akínlàdé.
3. Nínú irú ìwé wọ̀nyí, ipasẹ̀ ọ̀daràn ni à ń tọ̀. Nínú ìtàn ìdọdẹni, ọ̀daràn ló ń tọ ipasẹ̀ tí gbajúmọ̀ fi sílẹ̀.

Ìsọ̀rí adọdẹni
1. Àfẹ́sọ́nà àtijọ́: ó mọ ilé àti ìṣe ẹni tó ń dọdẹ.
2. Olólùfẹ́ òkìkí: àjèjì tó gbà pé òun àti gbajúmọ̀ ti di ọ̀rẹ́.
3. Ẹlẹ́tàn: ó ń fi orúkọ àti fọ́tò ayédèrú tan ènìyàn. Àpẹẹrẹ: ní 2012, àwọn tó bá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan dọ́rẹ̀ẹ́ lórí Facebook tàn án wá sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Festac, Èkó, wọ́n sì pa á. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ dájọ́ ikú fún méjì nínú wọn.

Ohun tí òǹkọ̀wé ń lò fún ìfọkànsókè
1. Fọ́tò: bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú kékeré bí Obbo-Ilé bá ya fọ́tò níwájú pátákó ilé-ìwé rẹ̀, àjèjì ti mọ ìlú rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá bi léèrè lè júwe agboolé wọn.
2. Àkókò: fídíò ojoojúmọ́ ń fi ìgbà tí gbajúmọ̀ ń dá wà hàn.
3. Àkáǹtì ayédèrú: òǹkàwé kò mọ ẹni tó ni ín, nítorí náà yóò máa fura sí gbogbo ẹ̀dá ìtàn.

Ìṣòro
1. Lára òǹkọ̀wé: ojú fóònù ni ọ̀pọ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ ti ń wáyé, ìrìn ìtàn sì lè falẹ̀.
2. Lára ẹni tí a ń dọdẹ: ó nílò àwọn tó ń tẹ̀lé e lórí ayélujára, kò sì mọ èyí tó léwu nínú wọn.
3. Lábẹ́ òfin: abala 24 Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ayélujára ti Nàìjíríà ti 2015, tí a ṣàtúnṣe sí ní 2024, sọ pé ẹni tó bá gba orí kọ̀ǹpútà fi ikú tàbí ìpalára dẹ́rù ba ẹlòmíràn lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10.

Ìdánrawò
1. Kí ni ìfọkànsókè?
2. Ṣàlàyé ìsọ̀rí adọdẹni méjì.
3. Sọ ìyàtọ̀ kan láàrin ìtàn Lápàdé àti ìtàn ìdọdẹni.