Ọmọ Mi Fẹ́ Máa Tọpinpin Owó Àwọn Ológun

ÌBÉÈRÈ

Èlùbọ́ àti gàrí ni mò ń tà ní ọjà Ìkòtún, òun náà ni mo fi rán ọmọ mi obìnrin lọ sí LASU tó fi ka ìṣirò owó jáde. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kan tó ń tọpinpin bí ìjọba ṣe ń ná owó àwọn ológun. Láti ìgbà tó ti sọ ọ́ fún mi, n ò rí oorun sùn. Ṣọ́jà ni àbúrò mi ọkùnrin, Màídúgùrì ló wà. Ó ní ọ̀rọ̀ ológun kì í ṣe ọ̀rọ̀ aráàlú, pé irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kàn ń ba àwọn ọmọ ogun lọ́kàn jẹ́ ni. Àwọn ará àdúgbò ní wọ́n á wá gbé e lóru. Ṣé iṣẹ́ yẹn ò lòdì sófin? Ṣé kí n jẹ́ kó lọ, àbí kí n kọ̀ fún un?
— Ìyá Elélùbọ́, Ìkòtún

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ọjà o, Màmá wa. Ẹ jẹ́ kó lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo létí abiyamọ, ìdí nìyẹn tí n ò fi ní fi ibi tí ewu wà pa mọ́ fún yín.

Àbúrò yín ni kí n kọ́kọ́ dá lóhùn. Ní oṣù Kejìlá 2014, ilé ẹjọ́ ológun dájọ́ ikú fún ọmọ ogun 54 nítorí pé wọ́n kọ̀ láti lọ kojú Boko Haram ní Borno. Ohun tí wọ́n sọ ni pé wọn ò fún àwọn ní ohun ìjà tó lè ká ọ̀tá. Agbẹjọ́rò Femi Falana ló bá wọn rojọ́. Ní oṣù Keje 2015, ọ̀gá àgbà gbogbo ológun nígbà náà, Alex Badeh, ń fẹ̀yìn tì lọ, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé iṣẹ́ ológun tí òun darí kò ní irinṣẹ́ tó yẹ. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ìjọba mú Sambo Dasuki, tó ti jẹ́ olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò, lórí ọ̀rọ̀ owó ohun ìjà tí wọ́n ní ó tó bílíọ̀nù 2.1 dọ́là. Dasuki ní òun ò jẹ̀bi, ẹ̀sùn la sì ṣì ń pè é. Nínú oṣù kan náà ni wọ́n yí ìdájọ́ ikú àwọn ọmọ ogun yẹn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mìíràn, gbogbo wọn jẹ́ 66, padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Màmá, àwọn tó lọ sẹ́wọ̀n yẹn, ẹgbẹ́ àbúrò yín ni wọ́n. Bí ẹnì kan bá ti wà tó ń béèrè lóòrèkóòrè pé ìbọn tí a sanwó rẹ̀ dà, bóyá ọ̀rọ̀ ò bá má dé ilé ẹjọ́ rárá.

Ohun tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe nìyẹn. Èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ yọ jù ni CISLAC ní Àbújá, tí Auwal Musa Rafsanjani ń darí, tó sì jẹ́ ẹ̀ka Transparency International ní Nàìjíríà. Ní 2017, CISLAC àti Transparency International gbé ìwé jáde lórí bí wọ́n ṣe ń ra ohun èlò ogun. Ní 2018 wọ́n gbé òmíràn jáde lórí owó tí rédíò máa ń pè ní security vote, owó tí wọ́n ń ná láìṣírò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣírò ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ pọ̀, ó lé ní bílíọ̀nù 241 náírà lọ́dún kan. Ìyẹn ju ìṣúná ọdún kan ti àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ lọ.

Òfin rírà ọjà ìjọba ti 2007 yọ àwọn ohun èlò pàtàkì fún ààbò orílẹ̀-èdè sílẹ̀, àyàfi bí ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ẹ̀yìn gbólóhùn yẹn ni ọ̀pọ̀ nǹkan ń sá pamọ́ sí. Bí ẹ bá rán ẹnì kan lọ kó gàrí wá láti ọ̀nà jíjìn, kò burú kó má sọ ọjọ́ tó máa gbéra nítorí adigunjalè. Àmọ́ tó bá dé, ó gbọ́dọ̀ ka iye tó rà á fún yín. Ibi tí ọmọ ogun máa gbà kọlu ọ̀tá, àṣírí ni. Iye tí wọ́n ra bàtà wọn kì í ṣe àṣírí, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ agbaṣẹ́ṣe tó gba owó tí kò kó ọjà wá.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ológun ò kan ará Ìkòtún. Ní ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kìíní 2002, ilé tí wọ́n kó ohun ìjà ogun sí ní bárékè Ìkẹjà gbiná. Ọ̀gá ológun ibẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé ilé àtijọ́ ni, àti pé àwọn ń gbìyànjú àtitún un ṣe kó tó bú gbàù. Àwọn èèyàn sá wá sí apá ọ̀dọ̀ yín, ilẹ̀ sì ti ṣú. Nígbà tí wọ́n dé Òkè-Àfá, wọn ò mọ̀ pé omi ló wà lábẹ́ ewéko tó bo kánààlì. Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà lé ní 1,000, ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá ń gba Èjìgbò lọ sí Ìsọlọ̀, ẹ̀ ń kọjá níbẹ̀. Ta ló ń béèrè nígbà náà pé kí la fi ń tọ́jú àwọn bọ́ǹbù yẹn láàárín ìlú?

Iṣẹ́ ọmọ yín kò lòdì sófin. Òfin ti 2011 tó jẹ́ kí aráàlú lè béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba fún wọn ní ọjọ́ méje láti fèsì, ẹni tó ń béèrè kò sì ní láti sọ ìdí tó fi ń béèrè. Òótọ́ ni pé abala 11 jẹ́ kí wọ́n lè kọ̀ bó bá máa pa ètò ààbò lára, ṣùgbọ́n abala kan náà ní bí àǹfààní aráàlú bá ju ìpalára yẹn lọ, kí wọ́n fún un. Ní 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Ó wá ku ẹ̀rù tó ń bà yín. N ò ní sọ pé kò nídìí. Ní oṣù Kẹta 2024, àwọn ológun gbé oníròyìn Segun Olatunji nílé rẹ̀ ní Abúlé-Ẹ̀gbá, tí kò jìnnà sí yín, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó jáde. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba, DSS, dé ọ́fíìsì SERAP, ẹgbẹ́ tó ń béèrè bí ìjọba ṣe ń náwó, ní Àbújá. Àmọ́ ariwo tí àwọn oníròyìn ẹlẹgbẹ́ Olatunji pa wà lára ohun tó mú kí wọ́n tú u sílẹ̀. Torí náà, kí ọmọ yín tó tọwọ́ bọ̀wé, kó béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà: agbẹjọ́rò wo ló ń dúró fún wọn, ta ni wọ́n máa pè lóru, ṣé orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n máa ń fi sábẹ́ lẹ́tà tàbí orúkọ ọmọ iṣẹ́? Bí wọn ò bá rí èsì gidi fún un, kó wá ẹgbẹ́ mìíràn. Kó sì fún ẹ̀yin náà ní nọ́ńbà agbẹjọ́rò yẹn.

Àbúrò yín àti ọmọ yín lè jọ jókòó sọ ọ́, inú mi á dùn bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ọmọ yín má bi àbúrò yín ní ohun tó ń lọ ní ibùdó wọn, kó má sì gba fọ́tò tàbí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òfin ológun ló de ṣọ́jà, ó sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ìṣúná, èsì lẹ́tà àti ìwé ilé ẹjọ́ tó fún un ní iṣẹ́ ṣe.