Nígbà tí Dókítà Pe Lọ́yà

Obìnrin kan ń rọbí ní ilé ìwòsàn ìjọba ní South Africa lọ́dún 2001. Kòkòrò HIV wà lára rẹ̀. Dókítà tó dúró tì í mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ nevirapine. Ìyá á gbé hóró kan mì nígbà tó bá ń rọbí, wọ́n á sì fún ọmọ ní díẹ̀ nínú èyí tó jẹ́ olómi kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta. Kò ní wo ìyá sàn, àmọ́ ó ń dín ewu pé kí kòkòrò náà ran ọmọ kù tó ìdajì. Owó oògùn kọ́ ni wàhálà, torí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti ní òun á fún ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún márùn-ún. Síbẹ̀, dókítà yìí ò gbọ́dọ̀ fún obìnrin náà. Ìjọba ti pàṣẹ pé ibùdó méjì péré ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti lè lò ó, ilé ìwòsàn tirẹ̀ kò sì sí lára wọn.

Kí ni dókítà fẹ́ ṣe? Oògùn wà, aláìsàn wà níwájú rẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àṣẹ ló dè é lọ́wọ́, kò sì sí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún àṣẹ. Ibi tọ́rọ̀ bá ti dà báyìí ni iṣẹ́ àwọn tí a fẹ́ kà nípa wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni lọ́yà, onímọ̀ ìṣirò owó, àti àwọn aláìsàn fúnra wọn. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé wọ́n gbà pé ìtọ́jú jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kì í ṣe àánú tí aláṣẹ ń ṣe fúnni nígbà tó bá wù ú.

Ọ̀kan nínú àwọn tó la ọ̀nà yìí ni Jonathan Mann, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ lórí àrùn Éèdì ní Kinshasa, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó fi í ṣe olórí ètò wọn lórí àrùn náà lọ́dún 1986. Nígbà yẹn, ìbẹ̀rù gba ayé kan. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n máa ti ẹni tó bá ní kòkòrò náà mọ́lé, kí wọ́n sì máa lé àjèjì tó bá ní in padà sílùú rẹ̀. Mann ní kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá bá ń lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ nítorí àyẹ̀wò, tí onílé ń da ẹrù rẹ̀ síta, ta ló máa lọ ṣàyẹ̀wò mọ́? Wọ́n á fara pa mọ́, àrùn á sì máa ràn lábẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń sọ ọ́ títí tó fi kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú lọ́dún 1998 pé ẹni tó bá fẹ́ dá àrùn dúró gbọ́dọ̀ dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìsàn.

Àwa náà mọ irú ìbẹ̀rù yẹn nílé wa. Nígbà tí Fela olórin kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, Olikoye Ransome-Kuti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dókítà tó ti ṣe mínísítà ìlera rí, jáde ó sọ fún gbogbo ayé pé Éèdì ló pa á. Ọ̀pọ̀ ẹbí ì bá bò ó mọ́lẹ̀. Beko àbúrò wọn, tóun náà jẹ́ dókítà, ti wà ní ẹ̀wọ̀n ìjọba ológun Abacha lásìkò yẹn láti ọdún 1995, nítorí ìjà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí South Africa. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1998, tó jẹ́ àyájọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lágbàáyé, ajìjàgbara Zackie Achmat àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Treatment Action Campaign sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń jà kí àwọn aláìsàn lè rí ìtọ́jú. Kòkòrò HIV wà lára Achmat. Ó lè rí oògùn tó ń dí kòkòrò náà lọ́wọ́ rà, ṣùgbọ́n ó búra pé òun ò ní lò ó títí tí mẹ̀kúnnù á fi máa rí i gbà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Mandela alára lọ bẹ̀ ẹ́ nílé lọ́dún 2002 pé kó lò ó. Kò gbà. Ó di ọdún 2003 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Lọ́dún 2001, ẹgbẹ́ yìí àti àwọn dókítà ọmọdé pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí nevirapine. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Lọ́yà ò lè ṣàlàyé fún adájọ́ bí kòkòrò ṣe ń ti ara ìyá bọ́ sára ọmọ, nítorí náà àwọn dókítà búra, wọ́n sì kọ ohun tí ojú wọn rí ní wọ́ọ̀dù sílẹ̀. Àwọn ìyá kọ tiwọn. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé ṣírò rẹ̀, ó fi hàn pé owó tí ìjọba máa ná lórí ọmọ tó ti kó àrùn ju èyí tí wọ́n máa ná kí ó má baà kó o. Lọ́yà wá so gbogbo rẹ̀ mọ́ abala 27 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wọn, tó ní gbogbo èèyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ìlera, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ gbé ìgbésẹ̀ tó bọ́gbọ́n mu, níwọ̀n bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, kí ẹ̀tọ́ náà lè máa ṣẹ. Ìjọba ní kò tíì dájú pé oògùn náà ò léwu. Àmọ́ àjọ tó ń yẹ oògùn wò nílẹ̀ wọn ti fọwọ́ sí i, ìjọba fúnra rẹ̀ sì ń fún àwọn aláboyún ní ibùdó tó yàn. Ìyá tó lọ bímọ sí ibòmíràn ńkọ́?

Èyí tó wú mi lórí jù ni ohun tí wọ́n ṣe níta ilé ẹjọ́. Wọ́n kọ́ àwọn aráàlú, títí kan àwọn tí kò kàwé púpọ̀, ní bí kòkòrò yìí ṣe ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà, bí oògùn ṣe ń dí i lọ́nà, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí èèyàn bá ń pa ọjọ́ oògùn jẹ. Àwọn náà lọ ń kọ́ àwọn ẹlòmíì ní ilé ìwòsàn àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ HIV POSITIVE gàdàgbà sí láyà, wọ́n sì fi í ṣe ìwọ́de. Ẹni tó bá mọ orúkọ oògùn tó ń béèrè, tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ṣòro láti fi ẹnu lásán dá a padà.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2002, ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ ìwé òfin ilẹ̀ wọn dájọ́ pé kí ìjọba mú ìdènà náà kúrò. Lónìí, South Africa ni iye èèyàn tó ń gba ìtọ́jú HIV ti pọ̀ jù lágbàáyé. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ohun tí ìfàsẹ́yìn ìjọba lórí gbogbo oògùn HIV gbà lọ: lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ ní Harvard ṣírò rẹ̀ pé ó lé ní 330,000 ẹ̀mí.

Òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìsàn wà ní Nàìjíríà náà, ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀. Òfin ìlera ọdún 2014 ní ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ dá ẹni tó wà nínú ewu pàjáwìrì padà. Òfin ọdún 2017 ní kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ìwé ọlọ́pàá ì báà wà, ì báà má sí, láìkọ́kọ́ gba owó. Òfin ọdún 2014 yẹn kan náà ní kí òṣìṣẹ́ ìlera ṣàlàyé àìsàn, ìtọ́jú àti iye owó fún aláìsàn, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ní èdè tó yé e, kó sì wo bí ó ṣe mọ̀wé sí. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n bá yín sọ̀rọ̀ tí kò yé yín, ẹ má mi orí lásán. Ẹ ní kí wọ́n tún un sọ ní Yorùbá, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan.