Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Kun Bẹ́ńṣì Tuntun?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wo bẹ́ńṣì mẹ́rin tó wà lábẹ́ igi máńgòrò. Owó tí a dá ní táámù tó kọjá la fi ṣe wọ́n. Bàbá káfíńtà ní ká fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n gbẹ ná, àwa ò gbọ́. Èmi wà lára àwọn tó ní ká fi fánííṣì kùn wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n lè máa dán lọ́jọ́ eré ìdárayá. Kò tó oṣù kan tí fánííṣì fi wú bí ara tí omi gbígbóná jó, tó sì ń ṣí. Owó wa ló ń ṣí yẹn o!

Kí ló fà á? Omi ni. Pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní sọ́míìlì, ojú rẹ̀ lè gbẹ, kí inú rẹ̀ ṣì tutù. Tí a bá fi fánííṣì bò ó, omi inú ò ní rọ́nà jáde dáadáa. Tí oòrùn bá wá pa á, omi á di oru, á máa ti fánííṣì sókè. Pákó náà á tún máa súnkì bó ṣe ń gbẹ, fánííṣì á sì sán.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ?

1. Ẹ gé àjákù pákó kan náà, ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n láàbù, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá kúrò ní 600 gíráàmù, tó di 540, tó di 510, omi ṣì ń jáde nìyẹn. Ìgbà tí ìwọ̀n ò bá yí padà mọ́ ló tó gbẹ.

2. Ẹ fi sánpépà ha ojú rẹ̀ díẹ̀, ẹ kán omi sí i. Tó bá fà á mu láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó lè gba fánííṣì. Tí omi bá dúró bí ìrì lórí ewé kókò, ẹ ní sùúrù. Ojú pákó nìkan lèyí ń fi hàn, torí náà ìwọ̀n ni kí ẹ gbára lé jù.

Kò sí iye ọjọ́ kan pàtó. Pákó tó nípọn ń pẹ́ ju èyí tó fẹ́lẹ́ lọ, apá ń pẹ́ ju arère lọ, ìgbà òjò sì ń pẹ́ ju ìgbà ọyẹ́ lọ.

Ṣé ká wá gbàgbé ẹ̀ síta ni? Rárá o. Oòrùn àti òjò á sọ ojú rẹ̀ di eléérú, fánííṣì ò sì ní dì í mú. Abẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni kó wà. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ kùn ún, ká ha á, ká nu eruku rẹ̀, ká sì kun abẹ́ àti ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, torí ìdí ẹsẹ̀ ló ń mu omi jù.

Bẹ́ńṣì méjì tuntun ti dé báyìí, ọjọ́ ìbẹ̀wò àwọn òbí sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn kan ti ń sọ pé ká kùn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí wa jókòó lórí pákó lásán. Kò sẹ́ni tó máa bú wa. Àjákù pákó náà ti wà ní láàbù. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni màá máa lẹ ìwọ̀n rẹ̀ síbí. Ìwọ̀n yẹn ni kó sọ ọjọ́ fún wa.